Gbèsè Ológun Tí A Dá Padà Sílé: Láti Thiaroye dé Lomé

Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1962, ọkùnrin kan tí ó ti jẹ́ sájẹ́ǹtì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé gba èsì ohun tí ó tọrọ lọ́wọ́ Ààrẹ orílẹ̀-èdè Tógò. Ó fẹ́ kí wọ́n gba òun sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ bàbá òun. Rárá ni èsì náà. Étienne Eyadéma ni orúkọ ọkùnrin yìí. Ọmọ Pya ni, láàárín àwọn Kabiyè tí ń bẹ ní àríwá Tógò. Ó ti bá Faransé jagun ní Indochina, ó sì tún bá wọn jagun ní Algeria. Oṣù mẹ́rin kò tíì pé lẹ́yìn náà tí òkú Ààrẹ tí ó sọ pé rárá fi wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Lomé.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ni ó ka ikú Sylvanus Olympio mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìfipágbàjọba ní àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Wọ́n máa ń sọ nípa owó CFA, wọ́n máa ń sọ nípa ìjà àríwá àti gúúsù, wọ́n sì máa ń tọ́ka sí ọwọ́ Faransé. Gbogbo èyí ní àyè tirẹ̀. Ohun tí a kì í sọ tó ni pé ọ̀rọ̀ ìṣirò owó ni ó wà nídìí ọ̀ràn náà: ta ni yóò bọ́ ọmọ ogun tí a dá sílẹ̀, tí kì í ṣe òun ni ó ní òun fẹ́ lọ? Ológun tí ó lo ọdún rẹ̀ pé, tí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, mọ ọjọ́ tí yóò lọ; ó ti lè kọ́lé, ó ti lè dá oko, ó ti lè fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí wọ́n pè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pé ogun ti parí, tàbí pé ìjọba kò fẹ́ ẹ mọ́, kò ní ju àpò ẹrù rẹ̀ àti ìmọ̀ ìbọn lọ. Ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀ kí Tógò tó di orílẹ̀-èdè. Ní ẹ̀bá ìlú Dakar, ní 1944, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni àwọn ọmọ Áfíríkà tí Faransé kó lọ sójú ogun Hítílà, tí àwọn Jámánì sì kó nígbèkùn ní 1940. Tirailleurs sénégalais ni Faransé ń pè wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Sẹ̀nẹ̀gà nìkan ni wọ́n ti wá. Ará Guinea wà nínú wọn. Ará Soudan, tí a ń pè ní Mali lónìí, wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ti Upper Volta, ti Côte d'Ivoire, ti Dàhòmì àti ti Tógò. Púpọ̀ nínú wọn lo ọdún mẹ́rin nínú àgọ́ ìgbèkùn tí àwọn Jámánì ṣe sí orí ilẹ̀ Faransé gan-an, nítorí pé Jámánì kò fẹ́ kí ẹlẹ́wọ̀n ogun aláwọ̀ dúdú wọ ilẹ̀ òun. Nígbà tí a gba Faransé sílẹ̀ ní 1944, ìjọba ní kí wọ́n máa padà sílé. Owó oṣù gbogbo ọdún ìgbèkùn wọn wà nílẹ̀. Ìwé àṣẹ tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún náà sọ pé kí wọ́n gba ìdá kan nínú mẹ́rin kí wọ́n tó wọkọ̀, kí wọ́n sì gba ìdá mẹ́ta tí ó kù nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀.

Ní èbúté Morlaix, nǹkan bí 300 nínú wọn kọ̀ láti wọ Circassia, ọkọ̀ ojú omi tí ó fẹ́ gbé wọn. Wọ́n ní àfi bí owó bá pé. Àwọn yòókù, tí wọ́n lé ní 1,200, gbà láti lọ. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá, wọ́n dé Dakar, a sì kó wọn lọ sí àgọ́ ológun Thiaroye. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé kí wọ́n máa lọ sí ìlú oníkálukú, pé ọ̀rọ̀ owó yóò yanjú lọ́hùn-ún. Àwọn ọkùnrin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tí ó ti wọ abúlé rẹ̀, tí a ti gba aṣọ ológun lára rẹ̀, tí kò gbọ́ ju Faransé àdàmọ̀dì tí a ń sọ ní bárékè lọ, ta ni yóò gbọ́ igbe rẹ̀? Ní ọjọ́ 28, nǹkan bí 500 nínú wọn tí ó yẹ kí ọkọ̀ ojú irin gbé lọ sí Bamako jókòó pa, wọn kò lọ. Ọ̀gágun Dagnan wá bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ títí ó fi ṣèlérí pé òun yóò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bí ó ti kúrò níbẹ̀ ni ó lọ to ọmọ ogun jọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá, wọ́n fi ọkọ̀ ogun onírin yí àgọ́ náà ká, wọ́n sì yìnbọn. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn wà lára àwọn tí a kó wá yìnbọn lù wọ́n. Àkọsílẹ̀ ìjọba ìgbà náà sọ pé 35 ni ó kú. Àwọn òpìtàn kan gbà pé ó tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n oògùn tí àwọn aláṣẹ mọ̀ nìyẹn. Nínú àwọn tí ó yè, wọ́n kó 34 lọ síwájú ilé ẹjọ́ ológun ní 1945, wọ́n sì sọ wọ́n sẹ́wọ̀n, àwọn kan fún ọdún mẹ́wàá. Ó di ọdún 2024, ọgọ́rin ọdún gbáko, kí Ààrẹ Faransé, Emmanuel Macron, tó kọ̀wé sí Ààrẹ Bassirou Diomaye Faye ti Sẹ̀nẹ̀gà, tí ó sì pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Thiaroye ní ìpakúpa.

Bí ti Faransé ti rí nìyẹn. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó lé ní 60,000 ọmọ Gold Coast tí ó sin ọba Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun kan náà, tí púpọ̀ nínú wọn sì dé Bọ́mà. Wọ́n padà wálé bá ọjà tí ó ti gbówó lórí. Iṣẹ́ kò sí, owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ní a ṣèlérí fún wọn kò sì wá bí wọ́n ti retí. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejì, ọdún 1948, wọ́n to ara wọn ní Accra, wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lé ọwọ́, wọ́n forí lé ààfin Christiansborg níbi tí Gómìnà Gerald Creasy wà. Kò sí ohun ìjà lọ́wọ́ wọn. Ní oríta tí ó wọ ààfin náà, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Colin Imray ní kí wọ́n padà. Wọn kò padà. Òun fúnra rẹ̀ gba ìbọn, ó sì yìn ín. Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́pùrù Attipoe àti Odartey Lamptey, tí òun kò ní ipò kankan, bá a lọ.

Ó ṣe kòńgẹ́ pé ọjọ́ náà gan-an ni ìkọ̀sílẹ̀ ọjà àwọn oníṣòwò òyìnbó, tí Nii Kwabena Bonne ṣagbátẹrù rẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n gógó, wá sí òpin. Inú ti ń bí àwọn ènìyàn tẹ́lẹ̀. Bí ìròyìn ikú náà ti wọ ìgboro, iná sọ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó, ti ilé iṣẹ́ UAC kò sì gbẹ́yìn. Nígbà tí ìlú yóò fi rọ̀, 29 ti kú, 237 ti fara gbọgbẹ́. Ìgbìmọ̀ Watson tí Gẹ̀ẹ́sì rán wá sọ pé òfin tí wọ́n fi ń ṣàkóso Gold Coast ti di ògbólógbòó. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án, Gold Coast ti di Gánà. Títí di òní ni Gánà ń fi òdòdó yẹ́ àwọn mẹ́ta náà sí ní gbogbo ọjọ́ 28, oṣù Kejì. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́jọ́ náà kì í ṣe òdòdó.

Láti Accra sí Lomé kò jìnnà, ojú etíkun kan náà ni. Olympio kò sì lè ṣe aláìgbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí pé òun ti jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ UAC ní Tógò. Ọmọ ìdílé àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà wá sí etíkun ni. Ó kàwé nípa ètò ọrọ̀ ajé ní London. Ó sì ní ọwọ́ híháwọ́ tí oníṣòwò rere máa ń ní. Nígbà tí Tógò gba òmìnira ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin, ọdún 1960, ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún jù lọ ni pé kí orílẹ̀-èdè náà máa fi owó ara rẹ̀ jẹun, kí ó má máa na ọwọ́ sí Faransé. Ó tilẹ̀ ń gbèrò pé kí Tógò ní owó tirẹ̀. Ní ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ogun jẹ́ ẹnu tí kì í mú nǹkan wálé. Nǹkan bí 250 ni gbogbo ọmọ ogun tí Tógò ní. Ó tó, lójú tirẹ̀. Ta ni Tógò fẹ́ bá jà?

Kí a má ṣe fi ojú òmùgọ̀ wo ìrònú yìí. Orílẹ̀-èdè kékeré tí kò ju kọfí, kòkó àti fọ́sífeétì lọ kò lè máa bọ́ ẹgbẹ́ ológun ńlá, kó sì tún kọ́ ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ ìjọba tí ó wá lẹ́yìn Olympio ní ilẹ̀ Áfíríkà ì bá jẹ́ ronú bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ wà níbòmíràn: ó rí iye tí àwọn ọmọ ogun yóò ná ìjọba bí ó bá gbà wọ́n, kò rí iye tí yóò ná an bí ó bá kọ̀ wọ́n.

Ogun Algeria parí ní 1962. Faransé kò nílò ọmọ ogun Áfíríkà púpọ̀ mọ́, àwọn ilẹ̀ tí ó ti kó wọn sì ti ní àsíá tiwọn. Ó dá wọn sílẹ̀. Àwọn tí ó padà sí Tógò lé ní 600, púpọ̀ jù lọ nínú wọn sì jẹ́ ará àríwá, níbi tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ológun ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọ̀dọ́mọkùnrin fi lè rí owó gidi nígbà ìjọba amúnisìn. Kò sí oko kòkó ní Pya. Àwọn kan nínú wọn ti lo ọdún mẹ́wàá lábẹ́ àsíá Faransé. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ìtò, ìbọn àti àṣẹ. Wọ́n ń wo Lomé, wọ́n rí àwọn akọ̀wé gúúsù nínú ọ́fíìsì, wọ́n rí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí kò ní ju ènìyàn díẹ̀ lọ, wọ́n sì bi ara wọn pé kí ni ó burú bí wọ́n bá fi àwọn kún un.

Olympio ní tirẹ̀ kò rí akọni nínú wọn. Ó rí àwọn tí ó ta ara wọn fún Faransé, tí wọ́n lọ bá a pa àwọn ará Algeria tí ń jà fún òmìnira bí Tógò ti ṣe ń béèrè òmìnira. Nínú ọ̀rọ̀ yìí náà, ó ní òótọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Emmanuel Bodjollé, tí ó di aṣáájú wọn, kò dẹ́kun ẹ̀bẹ̀. Kléber Dadjo, ọ̀gá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kékeré náà, bá wọn dá sí i. Wọn kò béèrè fún ìjọba. Iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kìíní, ọdún 1963, Dadjo tún gbé ìwé lọ sí ọ̀dọ̀ Ààrẹ pé kí ó gbà díẹ̀ nínú wọn. A gbọ́ pé Olympio fa ìwé náà ya.

Ọjọ́ mẹ́fà péré ni ó kù.

Ní òru ọjọ́ 12 mọ́jú ọjọ́ 13, àwọn ọmọ ogun dé ilé Olympio. Ó fo ògiri bọ́ sí ọgbà ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà tí ó bá tirẹ̀ pààlà, ó sì sá pamọ́ sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí wọ́n gbé síbẹ̀. Leon Poullada, aṣojú Amẹ́ríkà, gbọ́ pé ó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Nígbà tí ó fi di àárọ̀, wọ́n ti fà á jáde, ìbọn sì ti dún. Òkú rẹ̀ ni wọ́n bá lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ẹni 60 ọdún ni. Eyadéma sọ fún àwọn oníròyìn nígbà náà pé òun ni òun yìnbọn fún un. Ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ó ní kì í ṣe òun. Bóyá ẹnìkan láti òde ló tì wọ́n lẹ́yìn ṣì jẹ́ àríyànjiyàn láàárín àwọn òpìtàn títí di òní. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni bí ẹ̀bẹ̀ wọn ti yọrí sí: Nicolas Grunitzky di Ààrẹ, wọ́n gba àwọn ọmọ ogun Faransé àtijọ́ sẹ́nu iṣẹ́, iye ọmọ ogun Tógò sì fò láti nǹkan bí 250 sí nǹkan bí 1,200. Ìwé tí a fà ya ti di òfin.

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kìíní, ọdún 1967, ọdún mẹ́rin gééré sí ọjọ́ ikú Olympio, Eyadéma gba ìjọba lọ́wọ́ Grunitzky. Kò fi í sílẹ̀ títí tí ó fi kú ní ọjọ́ 5, oṣù Kejì, ọdún 2005, ọmọ rẹ̀ Faure Gnassingbé sì jókòó sípò lẹ́yìn rẹ̀. Ní Addis Ababa, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963, nígbà tí àwọn olórí Áfíríkà ń dá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin àjọ náà pé àwọn lòdì sí pípa ènìyàn nítorí ìṣèlú. Wọn kò kọ ohunkóhun síbẹ̀ nípa ohun tí ó yẹ kí a san fún ọmọ ogun tí a dá sílẹ̀.

Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi lé Olympio lórí, nítorí pé òun ni ó kú. Ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ gbèsè náà wà ní Paris. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, nígbà tí òmìnira àwọn ilẹ̀ amúnisìn ti hàn gbangba, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé fi gbólóhùn kan sínú òfin ìṣúná: owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ ogun tí ó wá láti àwọn ilẹ̀ tí ó ń kúrò lábẹ́ Faransé yóò dúró sí iye tí ó wà, kò ní gòkè mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ohun kékeré. Ọjà ń gòkè lọ́dọọdún, owó ọmọ Faransé tí ó jọ jagun nínú kòtò kan náà ń gòkè, ti ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà tàbí ti Tógò dúró gbagidi bí omi tí ó dì. Ìdìpọ̀ òkúta iyebíye ni ọ̀rọ̀ tí Faransé fi ń pè é ní èdè rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó fún òfin náà lórúkọ mọ̀ pé ohun tí ó bá ti di òkúta kì í dàgbà.

Àwọn ọmọ ogun àtijọ́ náà kò dákẹ́. Ìgbà yìí, ilé ẹjọ́ ni wọ́n lọ. Ọmọ ogun àtijọ́ Sẹ̀nẹ̀gà 743 gbé ẹjọ́ wọn lọ sí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìgbìmọ̀ náà sì sọ ní 1989 pé Faransé ń ṣe ojúsàájú sí wọn. Faransé kò yí padà. Ní ọdún 2001, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba Faransé fúnra rẹ̀ dá Amadou Diop láre, ẹni tí ó ti jẹ́ sájẹ́ǹtì àgbà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn. Ní 2010, Ìgbìmọ̀ Òfin Ìpìlẹ̀ wọn pa àwọn òfin náà rẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2011 ni a sì mú owó wọn dọ́gba. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí wọ́n kó o nígbèkùn ní 1940 yóò ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà, bí ó bá wà láàyè.

Ní Nàìjíríà, àwọn olórí ológun mọ ìtàn Lomé. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 10,000 ni gbogbo ọmọ ogun orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí ogun náà parí ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 1970, wọ́n ti tó 250,000. Kí ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon fẹ́ fi wọ́n ṣe? Bí ó bá ní kí wọ́n máa lọ, ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ ìbọn yóò tú sí ìgboro láìníṣẹ́. Gowon yàn láti má ṣe lé wọn. Fún ọdún márùn-ún ni owó oṣù wọn fi ń jẹ ìṣúná orílẹ̀-èdè, tí bárékè kò gbà wọ́n, tí owó epo sì ń bo àṣírí. Ìjọba Murtala Mohammed tí ó lé e kúrò ní oṣù Keje ọdún 1975 ni ó kéde pé òun yóò dín wọn kù. Wọ́n pa Murtala ní Èkó ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 1976, kí ètò náà tó rìn jìnnà. Àwọn tí ó rọ́pò rẹ̀ ni ó bá a lọ díẹ̀díẹ̀.

Nàìjíríà ní ohun kan tí Tógò kò ní. Ní Oṣòdì, ní Èkó, ibùdó kan wà tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ìgbà tí ogun Hítílà parí, fún àwọn tí ogun sọ di aláàbọ̀ ara; láti ìgbà náà wá, ibẹ̀ ni ọmọ ogun tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì ti ń lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́: iṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ kápẹ́ńtà, aṣọ rírán, ẹran sísìn. Ètò rere ni. Ṣùgbọ́n ó wà fún ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí yóò lọ. Ẹni tí ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lórí rédíò pé òun ti fẹ̀yìn tì kò ní àyè fún oṣù mẹ́fà ẹ̀kọ́ kan.

Irú ìkéde bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìtàn wa, àyẹ̀wò rẹ̀ sì fi hàn pé ipò ẹni ni ó máa ń pinnu bí ilẹ̀ yóò ti gba ẹni tí ó ṣubú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1999, Ààrẹ Olusegun Obasanjo, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ní kí ọ̀gá ológun 93 máa lọ ilé nítorí pé wọ́n ti di ipò òṣèlú mú lábẹ́ ìjọba ológun. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn yìí ti mọ ọ̀nà ààfin, wọ́n ti mọ àwọn oníṣòwò. Ìfẹ̀yìntì wọn ní owó nínú. Ariwo kò sọ. Ti àwọn tí ó jà fún Biafra yàtọ̀. Lẹ́yìn ogun, Gowon sọ pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. A gba àwọn kan padà sẹ́nu iṣẹ́, a sì lé àwọn mìíràn. Ẹni tí a lé kò ní owó ìfẹ̀yìntì, àní fún ọdún tí ó ti lò lábẹ́ àsíá Nàìjíríà kí ogun tó dé. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2000, Obasanjo, tí òun fúnra rẹ̀ gba ìtúúbá Biafra ní 1970, yí ìlékúrò wọn padà sí ìfẹ̀yìntì. Gbólóhùn kan nínú ìwé àṣẹ ni ó jẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi dúró dè é, àwọn opó sì wà nínú àwọn tí ó wá gba owó náà. Àwọn ọlọ́pàá tí ó wà ní apá Biafra dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2017 ni ìjọba Muhammadu Buhari tó bẹ̀rẹ̀ sí í san tiwọn ní Enugu.

Ìjọba Buhari kan náà ni, ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, tí ilé iṣẹ́ ológun fi túláàsì fẹ̀yìn ọ̀gá 38 tì lọ́jọ́ kan, láti ipò mejọ̀ títí dé ti ọ̀gágun àgbà. Ohun tí a gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ohun ìjà rírà àti ìdìbò 2015 wà nínú rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn sọ pé wọn kò rí ìgbìmọ̀ kankan kí wọ́n tó rí ìwé ìfẹ̀yìntì. Wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ilé ẹjọ́ sì dá àwọn kan láre pé kí a dá wọn padà. Gbígba ìdájọ́ ọ̀tọ̀, kí ìdájọ́ ṣẹ ọ̀tọ̀; àwọn kan ṣì ń kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti jàre.

Owó kan wà nínú ètò ìfẹ̀yìntì ológun Nàìjíríà tí a fọwọ́ sí ní 2017, tí kò jọ owó ìfẹ̀yìntì mìíràn. Wọ́n ń san án fún ológun tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ó má baà lọ fi ohun tí ó mọ̀ nípa ogun ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó kọ ọ́ sínú òfin mọ ohun tí Olympio kò kà sí. Ṣùgbọ́n kíkọ sílẹ̀ kì í ṣe sísan. Nígbà tí ó di 2022, àwọn ọmọ ogun tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn kan nínú wọn ti arúgbó, lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìjọba ní Abuja nítorí owó náà, pákó tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lọ́wọ́ wọn, bí àwọn ará Accra ti gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ tiwọn.